Àwẹ̀ró àti Àpótí Ilé Ọlọ́nà

Ikán-jẹun-má-pariwo, awo abẹ́ ilẹ̀. Òjò-jò-sílé-má-kànkùn, awo orí àjà. A-fẹ̀sọ̀-gbẹ́gi-kó-má-là, awo ilé Ọlọ́nà. Àwọn ló dífá fún Àwẹ̀ró, aya Ọnàwùmí, ní ọjọ́ tó fẹ́ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe ní kọ̀rọ̀, tí àyà rẹ̀ ń já. Wọ́n ní kó rúbọ. Ó rú u, ṣùgbọ́n kò rú u tán. Ìyókù tó ṣẹ́ kù nínú ẹbọ náà ló di ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa ni a ó ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ìdí-Àfọ̀n ni ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Agboolé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé Ọlọ́nà, nítorí pé igi gbígbẹ́ ni àwọn baba wọn fi ń jẹun. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa dé ibẹ̀, iṣẹ́ náà ti ń kúrò lọ́wọ́ wọn. Oko ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ro. Ohun tó kù tí wọ́n tún fi ń jẹ́ Ọlọ́nà ni àpótí kan tó wà ní yàrá ìyá ilé.

Àpótí náà kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń jókòó lé. Ó ga tó àyà àgbàlagbà. Ó ní ilẹ̀kùn méjì níwájú, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Lára ilẹ̀kùn ọ̀tún, ọkùnrin kan jókòó lórí ẹṣin. Lára ti òsì, àwọn obìnrin ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn sì bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè. Epo àti èéfín ọdún pípẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú tó ń dán. Inú rẹ̀ ni aṣọ ìgbéyàwó ilé náà ń gbé. Bí ọmọbìnrin ilé Ọlọ́nà bá ń lọ ilé ọkọ, baálé ni yóò ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì lójú àwọn àna, tí yóò sì fa aṣọ náà yọ. Ìgbà yẹn ni ìgbéyàwó tó di ìgbéyàwó.

Efúnyẹlá, ìyá ọkọ Àwẹ̀ró, ló ń tọ́jú àpótí náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó fà á lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan kùn sí i. Wọ́n ní obìnrin tí kò tíì bímọ fún ilé, kí ló pa á pọ̀ mọ́ ohun ìní ilé? Àwọn obìnrin létí odò tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ìyàwó kan wà rí tó jẹ́ kí òjò jò sí àpótí yẹn, pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n di ẹrù rẹ̀ fún un, tó padà sí ilé baba rẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń nu àpótí náà bí ìgbà tí ènìyàn ń nu ojú ọmọ.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, Ọnàwùmí wà ní oko ẹgàn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń lọ ilé ọkọ. Àwẹ̀ró kò gbọdọ̀ pe ọmọ náà lórúkọ, nítorí pé ó bá a nílé ni. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè é. Àwọn àna ti dá ọjọ́, ilé sì ti ń múra.

Ní òwúrọ̀ kan, Àwẹ̀ró ń gbá yàrá. Ó rí ohun kan tó dà bí ìyẹ̀fun lẹ́bàá ẹsẹ̀ iwájú àpótí tó wà lápá òsì. Ó gbá a kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọlé lọ. Igi tó le koko lójú ti di ihò nínú. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ilẹ̀ títí dé ìdí ilẹ̀kùn òsì. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó jókòó sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mú ẹní kan, ó fi bo ibẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti sí nínú ilé mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á dìde. Ìdílẹ̀kẹ̀ wá bi í pé ìgbà wo ni òun máa rí aṣọ náà, kí òun lè mọ̀ bóyá ó gùn jù. Àwẹ̀ró ní kò tíì yá. Ìdílẹ̀kẹ̀ tún padà wá. Àwẹ̀ró ní orí ń fọ́ òun. Bí ó bá rí Baba Ọnàfowókàn, baálé ilé, lókèèrè, ó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Bàbá yìí ni ẹ̀gbọ́n baba ọkọ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn.

Nígbà tí kò lè gbé e mọ́ra mọ́, ó lọ sí ilé awo. Kò sọ ohun tó gbé e wá. Ifá ló sọ ọ́ fún un. Wọ́n ní ohun kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ tí nǹkan ń jẹ láti inú. Wọ́n ní yóò dára, wọ́n ní yóò tilẹ̀ gba orúkọ rere níbẹ̀. Kó rú ẹyẹlé, kó rú òrí àti àdín, kó sì fi ìró ìdí rẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, kó se èkuru, kó pe gbogbo ará ilé jọ, kí wọ́n jẹ ẹ́, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn kó tó fọwọ́ kan nǹkan náà. Kó má fi omi sí i. Kó má gbé e sí oòrùn. Kó má kánjú.

Àwẹ̀ró rú ẹyẹlé. Ó rú òrí àti àdín. Ó tú ìró ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó ró òmíràn lọ sílé. Ṣùgbọ́n èkuru, kò sè é. Ó ń rò ó bó ṣe ń lọ lọ́nà pé, bí òun bá sọ fún wọn, wọn kò ní jẹ́ kí òun dúró tún nǹkan kan ṣe. Ó ní òun á kọ́kọ́ tún un ṣe ná. Bó bá ti dára tán, òun á se èkuru tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n dárúkọ lọ. Èṣù, ẹni tó ń gba ẹbọ lọ́wọ́ ènìyàn, rí i pé apá kan kò dé. Kò bá a wí. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò ó.

Àwẹ̀ró dúró de ọjọ́ ọjà, nígbà tí ilé dá. Ó po eérú mọ́ omi gbígbóná, ó dà á sí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ náà. Ikán ń ṣàn jáde, wọ́n ń kú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Omi náà ti ta sí ara ilẹ̀kùn, nítorí náà ó mú kànìnkànìn, ó ń fi nù ún. Ibi tó nù bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó rò pé ìdọ̀tí ló ń kúrò, ó sì tún kira mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa yé e pé kì í ṣe ìdọ̀tí, dúdú dídán tí ọwọ́ àwọn ìyá ilé ti fi sí i láti ọjọ́ aláyé ti bá omi lọ. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ wá dà bí ẹni tí àìsàn gbé dìde.

Ẹ̀rù wá bà á nítorí omi tí igi náà mu. Ó yọ ilẹ̀kùn òsì níbi tó fi ń yí, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn kó lè tètè gbẹ. Ó dúró tì í. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná. Ilẹ̀kùn náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ibi tó là gba àárín ara obìnrin ìkẹyìn kọjá.

Àwẹ̀ró wo ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn, pé kò sí ẹni tó gbọ́.

Ó fi àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó di okùn mọ́ ọn, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó kun osùn lé e kí funfun rẹ̀ má baà hàn. Osùn náà mu wọnú igi. Kò dúdú rárá. Ó pọ́n bí ojú egbò. Ó fi epo nù ún, ó tún pọ́n sí i. Ó wá gé ẹ̀ka igi ìyeyè tútù, ó gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ tuntun, ó fi ti àpótí náà nídìí. Ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó súnkì, àpótí sì ń fì bí ènìyàn bá ti rìn kọjá. Nígbàkígbà tó bá parí ọ̀kan, á fa ẹní bò ó, á ní èyí ló kù, pé lẹ́yìn èyí, ó parí. Ọjọ́ ìgbéyàwó sì ń súnmọ́.

Ọ̀sán kan ni Ìdílẹ̀kẹ̀ dédé wọlé. Àwẹ̀ró wà níbi ààrò, kò rí i. Ìgbà tó gbọ́ tí ẹní já sílẹ̀ ló sáré wọ yàrá. Ọmọ náà dúró níwájú àpótí, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró lójú. Ó jáde.

Àwẹ̀ró ń retí ariwo. Kò gbọ́ ariwo. Ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ìyẹn wá le fún un ju ariwo lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Efúnyẹlá pè é. Ó ní Ìdílẹ̀kẹ̀ kò jẹun, pé ó ń sunkún, pé ó ní òun kò lọ ilé ọkọ mọ́. Ó ní kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó bi Àwẹ̀ró bóyá ó mọ nǹkan kan sí i. Àwẹ̀ró ní kí òun lọ wá a.

Ẹ̀yìn àká ló ti bá a. Ó jókòó tì í. Ọmọ náà yíjú sí i.

"Ìyàwó," ó ní, "obìnrin tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn ti là sí méjì. Kò là rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Tèmi ló kàn tó wá là. Ìwọ náà rí i, o fi ẹní bò ó kí n má baà mọ̀. Bí mo bá lọ, n kò ní yè é."

Gbogbo bí Àwẹ̀ró ti ń sá kiri yìí, òun nìkan ló rò pé ọ̀rọ̀ náà lè pa lára. Bí ó bá sì dákẹ́ báyìí, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láé. Àpótí á kàn là fúnra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á di ti orí ọmọ náà.

"Kò là fúnra rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo là á. Oòrùn ni mo gbé e sí. Ikán ló jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Dìde, bá mi bó ẹ̀wà."

Wọ́n bó ẹ̀wà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pọ́n ọn sí ewé, wọ́n sè é. Nígbà tí ará ilé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n jẹun tán, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni wọ́n ń fi èkuru náà ṣe, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìyẹ̀fun, ó sọ ti ẹní. Ó sọ ti omi eérú, ti oòrùn, ti osùn, ti igi ìyeyè. Ó ní Ifá ti kìlọ̀ fún òun, òun kò sì gbọ́. Kò fi ohunkóhun pamọ́.

Baba Ọnàfowókàn dìde, ó wọ yàrá lọ. Wọ́n gbọ́ tí àpótí fì. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ikán kọ́ ló ń dùn mí," ó ní. "Ìwọ fẹ́ kí n dúró níwájú àna, kí n fa ilẹ̀kùn yìí, kó wó lé mi lọ́wọ́?"

"Ẹ má bínú, Baba."

"Mo bínú. Kí ìgbéyàwó kọjá ná. A ó sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ."

Efúnyẹlá ní kí wọ́n fa òun lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wá ara àpótí náà kiri, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ojú ẹni tó mọ̀. Nígbà tó kan ibi tó là, ó mí kanlẹ̀. Ó kọjá sí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lábẹ́ ikùn ẹṣin.

"Àwẹ̀ró, gbé ọwọ́ rẹ wá síbí. Tẹ̀ ẹ́."

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́. Ilà kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí, tí kò rí rí láti ìgbà tó ti ń nù ún. Igi kan ni wọ́n fi há àárín igi.

"Ìyá ọkọ mi ló ṣe ìyẹn," Efúnyẹlá wí. "Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ti ń ṣe é, ọyẹ́ ti dé kó tó tán."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún mi, Ìyá?"

"O kò bi mí."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹnu wọn. Efúnyẹlá ní ìyókù igi apá tí wọ́n lò nígbà náà ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí àjà ilé ìdáná, níbi tí èéfín ti ń fẹ́ ẹ. Wọ́n gun òkè, wọ́n bá a níbẹ̀, ó gbẹ, ó dún kangó. Obìnrin kan nínú wọn, tí baba rẹ̀ ń gbẹ́ ọpọ́n, ní ewé ipin ni wọ́n fi ń ha igi kó lè jọ̀lọ̀, pé ewé náà gbọ́dọ̀ gbẹ, pé ibi tí igi dàgbà sí ni wọ́n ń ha á gbà, a kì í ha á lòdì. Òmíràn ní òrí àti àdín ni kí wọ́n yọ́ pọ̀, kí wọ́n fi àkísà pa á lára fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó mu ún kí wọ́n tó tún pa á. Baba Ọnàfowókàn fúnra rẹ̀, tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ dá sí i, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ èèkàn tí wọ́n fi ń há ẹsẹ̀ mọ́ra. Ó gbọ́ tí wọ́n sọ ọ́ bí kò ṣe yẹ. Kò lè mú un mọ́ra. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, ó fi igi apá náà gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun.

Ará ilé kan náà ni wọ́n, àmọ́ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n tán. Díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni yìí, díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tọ̀hún. Àwẹ̀ró wá mọ ìdí tí Ifá fi ní kó se èkuru. Nínú gbogbo ẹbọ náà, apá tó fi pamọ́ yẹn gan-an ni àtúnṣe àpótí.

Iṣẹ́ náà kò yá. Bí Àwẹ̀ró bá ti fẹ́ kánjú, ọwọ́ Efúnyẹlá á wá ọwọ́ rẹ̀ rí, á dì í mú. Ó ń ha á, ó ń dúró. Ó ń pa á ní òrí, ó ń dúró. Dúdú náà ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ osùn ti wọnú igi jù. Pípọ́n rẹ̀ kò kúrò tán. Wọ́n fi igi tín-ín-rín há ojú ibi tó là. Ó dì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i. Ọnàwùmí ti oko dé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó kàn bi í pé kí ni Baba sọ. Àwẹ̀ró ní Baba ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó.

Ọjọ́ pé. Àwọn àna kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbé àpótí náà jáde sí gbangba, wọ́n rọra gbé e. Baba Ọnàfowókàn fa ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó ṣí. Ó fa ti òsì, kò ṣí. Àwẹ̀ró tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn kò mí mọ́. Bàbá náà fa á lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn náà dún díẹ̀, ó sì ṣí sílẹ̀. Ó fa aṣọ náà yọ, ó gbé e lé èjìká Ìdílẹ̀kẹ̀.

Ìyá ọkọ ìyàwó kò wo aṣọ. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Ó bèèrè pé kí ló pọ́n báyìí lára àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀, pé nígbà tí òun bá wọn ṣàna nílé yìí tẹ́lẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Baba Ọnàfowókàn yíjú sí Àwẹ̀ró.

"Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, Ìyá," Àwẹ̀ró wí. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ikán jẹ ẹ́, mo bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi omi sí i, mo gbé e sí oòrùn, ó là. Nígbà tí mo sọ fún ará ilé, gbogbo wa la jọ tún un ṣe."

Obìnrin náà súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ìjókòó kan wà nílé òun, ti ìyá òun ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ní òun ti tì í sẹ́yìn àká láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ òun mọ̀. Ó bi í bóyá ó lè wá wò ó.

Kí Àwẹ̀ró tó dáhùn, Baba Ọnàfowókàn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní yóò wá. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Àwẹ̀ró, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo ní a ó sọ, a ti sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sí ilé àna, tó tún ìjókòó náà ṣe. Láti ibẹ̀, wọ́n gbé ọpọ́n wá bá a, wọ́n gbé odó wá, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin wá. Àwọn ọmọ ilé Ọlọ́nà padà bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀bẹ mú. Ìlú sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró Atúnnàṣe, wọ́n sì ń fi orúkọ náà pè é ju orúkọ ọkọ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tó bàjẹ́ wá, Àwẹ̀ró kì í gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ gbogbo èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti bà jẹ́ rí fún un. Ó ní kò sí ohun tí òun fi kọ́ iṣẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ayọ̀ ló fi ń yin àwọn awo tó dífá fún un, àwọn awo ní Ifá ni kó máa yìn. Wọ́n ní ìdajì ẹbọ tó kọ́kọ́ rú kò ṣàì dé ọ̀run. Ibẹ̀ ló dúró sí, tó ń dúró de ìdajì kejì. Ọjọ́ tó se èkuru, tó la ẹnu rẹ̀, ni méjèèjì pàdé, tí ire fi wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, bí Ifá bá ní kí ẹ rú u, ẹ rú u tán. Bó bá ní kí ẹ sọ ọ́ fún ará ilé yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá dára. Bó ti bàjẹ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e jáde.